Ẹ má fi Màmá jókòó sórí àga lásán: bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú ọpọlọ àgbàlagbà nílé

Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi tọkàntọkàn ṣe tá a sì ń ṣì í ṣe, òun ni títọ́jú òbí tó ti dàgbà. Ọmọ á máa fowó ránṣẹ́, á ra tẹlifíṣọ̀n ńlá sí pálọ̀, á gba ọmọ ọ̀dọ̀, á ní "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ wá sinmi", inú gbogbo ẹbí á dùn. Tó bá di bí ọdún kan sígbà yẹn, Màmá tó ń ṣírò owó ẹja lórí láìfọwọ́ kan bírò á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí omi ẹ̀bà tó hó. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ni, wọ́n á ní Màmá ti ń ṣarán, kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i.

Bó ṣe rí nílé tiwa nìyẹn. Ọjà Olúwo níbí l'Ẹ̀pẹ́ ni Màmá wa ti ta ẹja yíyan fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, wọ́n pé ẹni ọdún 71 la bá ní kí wọ́n ká àtẹ nílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀, mo dé láti Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá wọn lórí àga, wọ́n wo ojú mi dáadáa, wọ́n wá fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ohun tá a ṣe láti ìgbà náà ni mo fẹ́ tò síbí, àtibi tá a ti ṣì í ṣe, torí mò ń rí àwọn tó ń ṣe irú àṣìṣe wa lójoojúmọ́.

Nǹkan kan péré kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ká tó bẹ̀rẹ̀: kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dàgbà ló ń ṣarán. Láti 1992 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ ń tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà, àwọn ará Ìdíkàn n'Ìbàdàn lápá kan, àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis lápá kejì. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún 65, àwọn tí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní dementia ń mú láàárín ọdún kan n'Ìbàdàn ò tó méjì, ti Indianapolis lé ní mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ àwọn dọ́kítà tí ìwé ìròyìn The Lancet gbé kalẹ̀ wá ka nǹkan 14 sílẹ̀ ní 2024 tó ń fa àrùn yìí tó sì ṣeé mójú tó, wọ́n ní tí gbogbo ẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún tí àrùn náà ń mú ni kò ní mú rárá tàbí kó pẹ́ kó tó mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà ńbẹ̀, etí tí ò gbọ́ràn, ojú tí ò ríran, àìrìn, ìrẹ̀wẹ̀sì, kéèyàn máa dá wà. Ẹ wò ó dáadáa, inú ilé la ti lè bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀

- Ẹ̀rọ BP, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń dè mọ́ apá lókè, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago.
- Ìwé kékeré kan àti bírò tí wọ́n so mọ́ ọn lára kó má baà sọnù.
- Báàgì kan fún gbogbo oògùn.
- Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, àti iná kékeré tó ń gba chájì fún òru.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ wá ní kò ṣiṣẹ́.
- Ẹnì kan tó gbà pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ márùn-ún la jẹ́, gbogbo wa là ń tọ́jú Màmá, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi mọ̀ pé wọ́n ti ṣíwọ́ oògùn BP láti oṣù méjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ó dé lójijì ni àbí ó yọ́ wá?

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń pàdánù òbí wọn, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Iyè tó ń ra díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù yàtọ̀ pátápátá sí orí tó dàrú láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì. Tí Màmá bá ṣeré lánàá tó wá di àárọ̀ tí wọ́n ń sọ kántankàntan, tí wọ́n ń bá ẹni tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀, tàbí tí wọ́n kàn ń tòògbé ṣáá tí wọn ò jí dáadáa, àìsàn kan ló wà nídìí ẹ̀. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àkóràn inú ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé omi ti gbẹ lára wọn, pé ṣúgà lọ sílẹ̀, tàbí pé oògùn tuntun kan ò bá wọn lára mu. Èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ni dọ́kítà lè wò tí orí wọn á sì padà wálẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an kẹ́ ẹ gbé wọn lọ ọsibítù, ẹ lè máa gbàdúrà lọ nínú mọ́tò.

Tí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò ṣeé gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ní Èkó ẹ pe 112 tàbí 767, tó bá sì jẹ́ pé mọ́tò aládùúgbò ló máa yá jù ẹ gbé e. Ẹ wo aago tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun àkọ́kọ́ tí dọ́kítà máa bi yín nìyẹn. Ẹ má fi omi tàbí oògùn sí wọn lẹ́nu, ọ̀nà ọ̀fun lè ti kú kó wá gba ibi tí kò yẹ lọ. Bákan náà, tí wọ́n bá ṣubú tí orí gbá ilẹ̀, bó ti lẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ìṣesí wọn wá ń yí padà, ẹ sọ fún dọ́kítà torí ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú agbárí.

Tó bá jẹ́ èyí tó yọ́ wá, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí, ẹ má kọ èrò yín. Kéèyàn wá kọ́kọ́rọ́ tì kó wá rántí lálẹ́, gbogbo wa là ń ṣe é. Kéèyàn mú kọ́kọ́rọ́ dání kó má mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe, ìyẹn burú. Kó gbàgbé orúkọ ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n, kò burú. Kó sọnù lójú ọ̀nà ilé tó ti ń rìn láti ìgbà èwe, ẹ tètè dìde. Fún oníṣòwò, owó ni kẹ́ ẹ máa wò: Màmá wa dá ṣéńjì ẹgbẹ̀rún náírà padà fún ẹni tó fún wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọn ò sì rí i pé nǹkan kan ṣe, bẹ́ẹ̀ obìnrin tí kì í fi náírà mẹ́wàá sílẹ̀ ni.

Ẹ yẹ ara yín wò: ṣé ìwé náà ti ní ó kéré tán nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀? Tó bá jẹ́ "Màmá ń gbàgbé" lẹ kọ, ẹ ò tíì kọ nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ da gbogbo oògùn sórí ibùsùn

Ẹ má bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò, ẹ ní kí wọ́n kó o jáde. Abẹ́ ìrọ̀rí, inú àpò, inú agolo, ẹ wò ó dé gbogbo ibẹ̀. Agolo mílíìkì la ti bá tiwa, mo tú u sórí ibùsùn, oríṣi mọ́kànlá ló wà ńbẹ̀. Méjì nínú ẹ̀ jẹ́ oògùn BP kan náà, orúkọ tó wà lára páálí nìkan ló yàtọ̀, kẹ́mísìtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tà á fún wọn. Lọ́sẹ̀ kan wọ́n á lo méjèèjì pa pọ̀ tí òòyì á fi máa kọ́ wọn, lọ́sẹ̀ kejì wọn ò ní lo ìkankan torí òòyì tó kọ́ wọn. Piriton náà wà ńbẹ̀, hóró méjì ní alaalẹ́, torí aládùúgbò kan ní ó ń jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Chlorpheniramine, ìyẹn Piriton àtàwọn ẹbí ẹ̀ tí a fi ń tọ́jú ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, ń dí kẹ́míkà kan tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ lè lò ó kó sì sùn kó jí, àmọ́ tó bá jẹ́ àgbàlagbà orí á wúwo, ìtọ̀ á ṣòro, inú á dì, iyè á máa lọ síwá sẹ́yìn. Valium àtàwọn oògùn oorun bíi tiẹ̀ náà ń da iyè wọn rú, wọ́n tún ń mú kí wọ́n ṣubú lóru. Oògùn ìrora bíi ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ máa ń gbé BP sókè. Àgbo náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn, ẹ má fi pamọ́ fún dọ́kítà torí ìtìjú.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n á bínú da gbogbo ẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dán an wò. Oògùn BP àti ti ìtọ̀ ṣúgà ò ṣeé dá dúró lásán, ẹni tó bá sì ti ń lo Valium tipẹ́, dọ́kítà ló máa ń dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì, ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà tàbí apòògùn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ yanjú, kó mú èyí tí kò wúlò kúrò, kó sì kọ èyí tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú àsìkò tí wọ́n máa lò ó.

Ẹ yẹ ẹ́ wò: ẹ tọ́ka sí hóró kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé kí ni eléyìí wà fún. Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn fún ọ̀kan, iṣẹ́ ò tíì parí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa ka hóró ní gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè, iye tó kù ló máa sọ òtítọ́ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn BP bó ṣe yẹ

Nínú gbogbo nǹkan tó ń ba ọpọlọ jẹ́ láìpariwo, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn tó burú jù, ó ń pa àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú orí lára lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní ro ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n kò dáa, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá wọ́n á na apá síta, ẹ̀rọ á dè lórí apá bùbá, Màmá á máa rojọ́ aládùúgbò lọ, nọ́ńbà tó bá jáde wọ́n á gbà á.

Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ gbé apá sórí tábìlì kó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà, ẹ ká apá aṣọ kúrò pátápátá. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un wọ̀n, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Tó bá ń lọ sí 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dọ́kítà. Tó bá dé 180 lórí 120 tí orí fífọ́ líle, àyà dídùn tàbí ojú ṣíṣú wà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣe àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ó rí 128 lórí 78, ó ní ara Màmá ti yá, ó ní kí wọ́n sinmi oògùn. Oògùn náà ló gbé e wálẹ̀! Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ó ti padà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò pẹ̀lú, owó ẹ̀ ò pọ̀.

Ẹ yẹ ẹ́ wò: ìlà mẹ́rìnlá ló yẹ kó wà nínú ìwé lẹ́yìn ọjọ́ méje, nọ́ńbà méjì méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: etí, lẹ́yìn náà ojú

Ẹni tí kò gbọ́ràn kì í sọ fún yín pé òun ò gbọ́. Á kàn rẹ́rìn-ín, á mi orí, á dáhùn nǹkan mìíràn, ẹ̀yin á ní iyè ń ra. Nígbà tó bá yá á dákẹ́ láàárín èèyàn torí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fojú wá ọ̀rọ̀ lórí ètè yín, ọpọlọ tí kò sì rí ọ̀rọ̀ gbọ́ kò ríṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Ẹ dúró lẹ́yìn wọn, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí wọn, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ nǹkan mẹ́ta, bíi "ata, àlùbọ́sà, epo", kí wọ́n tún un sọ. Tí wọn ò bá gbọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dọ́kítà fi iná wo inú etí. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ, orí ìṣáná tàbí kọ́tìn bọ́ọ̀dù kàn án, ńṣe lẹ máa ti ìdọ̀tí wọlé sí i tàbí kẹ́ ẹ lu ìlù etí. Wọ́n fi epo rọ tiwa fún ọjọ́ mélòó kan, nọ́ọ̀sì wá fọ̀ ọ́, ohun dúdú kan jáde tó le bí hóró òroǹbó. A ò tíì kúrò lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Màmá yíjú, wọ́n ní, "Ta ló ń lọ ata?" Ẹ̀rọ ìlọta wà lápá kejì títì lóòótọ́. Mo sunkún níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé etí mọ́ tí wọn ò sì gbọ́, ẹ béèrè ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Owó ẹ̀ ń lọ sókè, mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí ẹbí dá a. Fún ojú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló yẹ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò. Tí nǹkan funfun bá ti bo ẹyinjú, iṣẹ́ abẹ ló ń mú un kúrò, ẹ̀kán tí wọ́n ń kán sójú kì í mú un kúrò láé, ẹ yé ra ti inú bọ́ọ̀sì. Gíláàsì òkú kì í ṣe gíláàsì alààyè o, ẹ má gbé ti Bàbá fún Màmá.

Ẹ yẹ ẹ́ wò: ẹ tún sọ "ata, àlùbọ́sà, epo" láti ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá iṣẹ́ padà fún wọn

Gbogbo ohun tí mo ti sọ bọ̀, ọ̀nà là ń là fún eléyìí. Ẹni tó jí láàárọ̀ tí kò sí ohunkóhun tó máa bàjẹ́ tí òun ò bá dìde, kí ló fẹ́ fi ọpọlọ ṣe? Àwa ọmọ la gba iṣẹ́ náà, a sì fi ìfẹ́ gbà á.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ dá wọn padà sídìí iná láago márùn-ún ìdájí. Ẹ pín iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ sí méjì, èyí tó gba agbára àti èyí tó gba orí. Ti Màmá wa, ẹrù gbígbé àti èéfín ló gba agbára (èéfín gan-an wà nínú nǹkan 14 yẹn, torí náà a ò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ọn mọ́). Ìyàwó àbúrò mi ló ń yan ẹja báyìí, lẹ́yìn ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àwọn tó gba orí la dá padà fún Màmá: àwọn ló ń fi fóònù ná ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, àwọn ló ń fọwọ́ tẹ ẹja kí wọ́n tó rà á, àwọn ló ń ka owó lálẹ́ tí ọmọ ọmọ á sì tún un kà lẹ́yìn wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n ṣì í lẹ́ẹ̀mẹrin. A ò gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ọmọ ọmọ ló ṣì í, wọ́n rí i, wọ́n sì bú u dáadáa, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mò ń gbọ́, inú mi dùn bí ẹni tó gbọ́ orin.

Tẹ́ni tiyín ò bá ṣòwò rí, ẹ wá ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lè máa gbọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ. Bàbá kan ládùúgbò wa ló ń ṣe akọ̀wé ìpàdé àwọn onílé. Ìyá tó mọ ìkókórẹ́ sè, ẹ jẹ́ kó kọ́ ìyàwó tuntun, kó jókòó kó máa pàṣẹ.

Ẹ fi ohun tuntun kan kún un torí ohun tí ọwọ́ ti mọ́ kì í tó ọpọlọ. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ohun kan lọ́jọ́ kan, ẹ má kọ́ wọn ní márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ayò ọlọ́pọ́n dáa gan-an, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, ẹni tó ń ta á ní láti máa ka ọmọ ayò lọ́kàn kó tó gbọ́n ọn. Àwọn ọmọ tí wọn ò gbọ́ ju òǹkà òyìnbó lọ náà wúlò: ẹ ní kí Màmá kọ́ wọn pé márùndínláàádọ́ta ni 45, kó ṣàlàyé bá a ṣe yọ márùn-ún nínú àádọ́ta. Iṣẹ́ orí ni ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé máa rí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Àsàlátù, ṣọ́ọ̀ṣì, àjọ, ìpàdé ẹgbẹ́, ìsọmọlórúkọ. Àwa náà ti dá Màmá dúró ní àsàlátù Sọ́ńdè rí nítorí owó kẹ̀kẹ́, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣì í nìyí o. Ẹ má ṣe yára gba nǹkan lọ́wọ́ wọn torí wọ́n ń lọ́ra, ẹ káwọ́ yín gbéra. Ẹ má ṣe bi wọ́n láàárín àlejò pé "Ṣé ẹ rántí lágbájá?" bí ẹni ń ṣe ìdánwò fún wọn, kàkà bẹ́ẹ̀ ẹ kúkú dárúkọ onítọ̀hún: "Màmá, ìyá ìbejì Òkè Balógun ló wá kí yín." Ẹ má ṣe fún wọn níṣẹ́ irọ́, bíi kí wọ́n ṣa ẹ̀wà tẹ́nikẹ́ni ò ní sè. Wọ́n á mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ò sì wọ inú iṣẹ́ yìí.

Ẹ yẹ ẹ́ wò: ẹ dákẹ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n á rán yín létí iṣẹ́ wọn fúnra wọn. Lọ́jọ́ tí Màmá bá ní "Ẹ ò tíì kó owó àná wá," ó ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹsẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ìyẹn ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá rọ̀. Kí ìrìn náà yá débi pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí wọn ò lè kọrin. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ fi ìdúróṣinṣin kún un: kí wọ́n di ògiri mú kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ kó sílípáàsì tó ń yọ̀ sọ nù, ẹ nu omi orí táìsì bàlùwẹ̀, ẹ fi iná alájáàjì sí ọ̀nà ilé ìtọ̀ torí òru tí NEPA mú iná lọ ni wọ́n ń ṣubú.

Ẹ yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan: ìdìde mẹ́wàá yẹn ti rọrùn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹnu àti oorun

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹja adágún ò wọ́n wa l'Ẹ̀pẹ́, ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ yan án, ẹ dín dídín kù. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, èso. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ fún odidi ọjọ́, mágí wà nínú ìṣirò yẹn. Omi déédéé, kódà tí òùngbẹ ò bá gbẹ wọ́n. Áṣáà, sìgá, párága, ẹ gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀tù "oògùn iyè" tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, ẹ fi owó ẹ̀ ra ẹja.

Oorun ọ̀sán ò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, obì àti kọfí ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sán, kí wọ́n rí oòrùn àárọ̀ sójú. Bá a ṣe yọ Piriton kúrò nìyẹn, ó gbà tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oorun tó dúró, ẹ fi sùúrù sí i. Tí wọ́n bá ń hanrun tí èémí ń dá dúró láàárín ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dọ́kítà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọkàn wọn

Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń jọ ìṣarán tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣi dọ́kítà gan-an lọ́nà nígbà mìíràn. Onítọ̀hún ò jẹun, kò sùn, ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tẹ́ ẹ bá bi í ní nǹkan á ní "mi ò mọ̀" kó tiẹ̀ tó ronú. Àwọn ìyá wa sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé "Mo fẹ́ máa lọ bá bàbá yín". Wọ́n lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ tó bá ti ń jáde lẹ́nu wọn lemọ́lemọ́, tí oúnjẹ sì ń kù nínú abọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn pé "Ẹ máa dúpẹ́ o, àwọn ẹgbẹ́ yín dà?" Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n pé "Màmá, ṣé ayé ti sú yín ni?", kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn sí wọn lọ́kàn. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, kí dọ́kítà rí wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ń sá fún dọ́kítà ọpọlọ torí wọ́n á ní wọ́n gbé Ìyá lọ sí Yábà. Ọsibítù ìjọba tó wà ní Yábà, àwọn tí wọ́n ń lọ gbàwòsàn níbẹ̀ tí wọ́n sì ń padà sílé pọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì àgbàlagbà ní oògùn, ó sì ní ìtọ́jú tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dọ́kítà, ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó súnmọ́ yín lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún vitamin B12, thyroid, kídìnrín, ṣúgà, HIV àti àrùn syphilis, torí gbogbo àwọn wọ̀nyí lè mú iyè ra, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Tó bá kọjá agbára wọn, wọ́n lè kọ yín sí LASUTH n'Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. UCH n'Ìbàdàn ní ibi ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà nìkan. Tí wọ́n bá ní àrùn ìgbàgbé náà ni lóòótọ́, ẹ má dá ìkankan nínú ìgbésẹ̀ yìí dúró, ẹ kàn máa dín iṣẹ́ kù sí ibi tí agbára wọn mọ.

Màmá wa ṣì ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tuntun, wọ́n sì tún pè mí ní orúkọ àbúrò wọn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ibà mú wọn. A máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa lóṣooṣù, ojúkojú la ti ń ṣe é, kì í ṣe lórí fóònù: ìwé, báàgì oògùn, ẹ̀rọ BP. Màmá ló ń ka orúkọ oògùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń gbà á ń fi bírò máàkì, tó bá fo ọ̀kan wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.